Ìlọrin ń fẹ̀ o, àmọ́ ta ló kù ní òkè Igbómìnà?

Alárìnká kọ:

Ẹ kú ilé o, gbogbo ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka ohun tí mò ń kọ tipẹ́ mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ò gbélé, ìlú tí mo bá dé ni mò ń sọ bó ṣe rí lójú tèmi, mi ò bá ìjọba sọ ọ́, mi ò bá alátakò sọ ọ́. Ìlọrin ni mo wà báyìí, Táńkẹ̀ ni mo dé sí, mo sì ti yọjú sí Ọ̀fà, Òrò, Ẹ̀sìẹ́ títí dé Òmù-Àrán nílẹ̀ Igbómìnà. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kà á tán ná.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yin ìlú. Ìlú tí kéwú wọ̀ lára tó báyìí ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ sùn sí àdúgbò Ọjà Ọba kẹ́ ẹ gbọ́ bí ìpè ìrun ṣe ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu láti mọ́ṣáláṣí kan sí èkejì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán táwọn ọmọ kéékèèké ti ń jáde lọ sílé-kéwú. Mo jẹ wàrà díndín tí wọ́n fi ata sí, ó tó kéèyàn torí ẹ̀ wọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú wá. Mo lọ sí Dádá ní Òkèlélé lọ wo àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò, ọwọ́ lásán ni, kò sẹ́rọ kankan, wọ́n á to ìkòkò jọ sí gbangba, wọ́n á fi igi àti koríko bò ó, wọ́n á dáná sí i. Mo dúró títí iná fi kú, èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú, àmọ́ mi ò lè kúrò níbẹ̀.

Ó yá, ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò rèé. Gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ Ìlọrin lónìí, fláíófà ló máa fi hàn yín. Òótọ́ ni, ti Táńkẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn pè wà níbẹ̀, ọ̀nà abẹ́ afárá Gẹ̀rí Álímì wà níbẹ̀, ilé tuntun ń yọ lọ́tùn-ún lósì. Àmọ́ ẹni tó ń gbé yàrá tó kàn mí, àgbẹ̀ ni. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ló ti wá, iṣu ló ń gbìn, kèké ló ń gùn báyìí. Obìnrin tó ń ta ẹ̀wà níwájú ilé, Èkìtì ti Kwara ló ti wá. Ọmọkùnrin tó bá mi tún fóònù ṣe ní Chállẹ́ǹjì, ìlú kan lápá Ìsìn ló ti wá, ó ní ìyá òun ò gbà kóun padà. Ni mo bá sọ ọ́ di iṣẹ́, ẹni tí mo bá ti bá jókòó ni mò ń bi pé ọdún wo lẹ dé Ìlọrin, kí ló gbé yín wá. Ìdáhùn wọn ò jìnnà síra, ẹ̀rù àwọn ajínigbé inú igbó ni.

Èrò mi ni pé gbogbo bí Ìlọrin ṣe ń fẹ̀ yìí, ibì kan ló ń ṣófo nítorí ẹ̀. A ń yọ̀ pé ìlú ń tóbi, a ò bi ara wa pé ibo làwọn èèyàn yẹn fi sílẹ̀. Mo lọ sí Ẹ̀sìẹ́ lọ wo àwọn ère òkúta, ó lé ní ẹgbẹ̀rún, ọkùnrin, obìnrin, èyí mú idà dání, èyí ń lu ìlù, ilé tí wọ́n kó wọn sí ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n ti ṣí i. Ibi tó yẹ kí bọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ máa tò sí gbọọrọ, èmi nìkan ni àlejò lọ́jọ́ náà. Ẹni tó mú mi wọlé ní kí n má pẹ́ kí ilẹ̀ má ṣú mi. Ọ̀sán ganrínganrín ni o!

Ohun kan tó kù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó àti lókè òkun tẹ́ ẹ ń jà lórí fóònù lójoojúmọ́ pé ti ta ni Ìlọrin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sinmi díẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi ń ná ọjà níbí, Yorùbá ni wọ́n fi ń túmọ̀ wáàsí, ẹmíà wà láàfin, ìran Àfọ̀njá wà nílé wọn. Ìjà tẹ́ ẹ ń jà yẹn kọ́ ló ń lé àgbẹ̀ kúrò lóko.


ỌmọAjíkòbí kọ:

Ẹ kú àrìnká o, ẹ ṣé tẹ́ ẹ yin wàrà wa. Àmọ́ fláíófà yẹn, ẹ rọra. Ẹ ò mọ Táńkẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ ni, kéèyàn jókòó sínú ọkọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ìpè màgàríbà á fi bá a níbẹ̀. Olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni wá láti 1967 tí wọ́n ti dá Kwara sílẹ̀, ṣé ẹ fẹ́ ká máa wo Ìbàdàn lójú ni? Ká wá kọ́ nǹkan kan báyìí ó di ẹ̀ṣẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní àwọn èèyàn ń sá wá sọ́dọ̀ wa. Ìgbà wo ni wọn ò sá wá? Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ibo ni wọ́n wá? Ẹ ka àwọn tó bí wa, Yorùbá, Fúlàní, Gàmbàrí, Núpé, Kànúrí, Báríbá, gbogbo wọn ló rìn dé, gbogbo wọn ló ti di ọmọ ìlú. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn jùyọ̀, ìlú tó tóbi tó yìí wọn ò léégún, ẹṣin leégún ilé baba wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Ẹ dúró di Iléyá kẹ́ ẹ wo báwọn Balógun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń kó ẹṣin jáde, Ajíkòbí, Àlánamú, Gàmbàrí, Fúlàní, nígbà yẹn kẹ́ ẹ tún ìwé yín kọ.


Alárìnká kọ:

@ỌmọAjíkòbí, ẹ ṣé. Ẹ ti gbè mí lẹ́sẹ̀ láìmọ̀. Ogun ló kó èèyàn kún Ìlọrin nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Èmi ń bi yín pé ogun wo ló tún ń kó wọn wá báyìí tí a ò fẹ́ pè é lógun.


ÌyáÌpátà kọ:

Ọmọ mi, wo bó o ṣe sọ ọ́ yẹn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ẹ́ lẹ́nu mọ́. Ìpátà ni mo ti ń ta iṣu àti ata, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Jẹ́ n sọ bá a ṣe ń ṣe òwò iṣu fún ẹ torí ẹ̀yin akọ̀wé ẹ kì í bi wá. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwa la máa ń gbé owó fún àgbẹ̀. Á fi ra èbù, á fi gba lébìrà tó máa kọ ebè, tí iṣu bá wá ta, á kó o fún wa ní iye tá a jọ sọ, bó bá wọ́n lọ́jà èrè wa nìyẹn, bó bá pọ̀ lọ́jà àwa la forí fá a. Ọ̀nà Ìgbàjà, ọ̀nà Òkè-Òde, ibẹ̀ ni mo ní oníbàárà sí látìgbà tí ìyá tó kọ́ mi lówò ti wà láyé. Ní oṣù kẹsàn-án 2025 tí àwọn agbébọn wọ Òkè-Òde tí wọ́n pa àwọn fijilanté yẹn, gbogbo ẹ̀ dàrú. Owó mi ṣì wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan níbẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mi ò lè bínú sí i. Omi inú ọ̀rá ló ń tà ní Sángo, mo rí i, a wo ara wa, ó ní mámà ẹ má bínú, mo ní kò sí nǹkan, mo tún ra omi lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ wá ń sọ pé iṣu wọ́n, pé àwa alájàpá là ń fowó lé e. Ta ló máa wa iṣu yẹn? Èyí tá à ń tà báyìí, púpọ̀ nínú ẹ̀ apá Bàrùtẹ́ẹ̀n ní àríwá Kwara lọ́hùn-ún ló ti ń bọ̀, owó ọkọ̀ ẹ̀ nìkan, áà! Tí ibẹ̀ náà bá tún gbóná, ẹ̀bà lẹ máa gún.


Ògbójú_Ṣómólú kọ:

Gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń sọ yìí, Àfọ̀njá ló fà á. Ọjọ́ tó ṣílẹ̀kùn fún Álímì, àlùfáà Fúlàní yẹn, ni ilé ti bàjẹ́. Ẹ gba ìlú yín padà ná kẹ́ ẹ tó máa sọ̀rọ̀ iṣu, ẹrú lẹ jẹ́.


ỌmọAjíkòbí kọ:

Ó tún ti dé! Ìwọ tó o ń san rẹ́ǹtì fún lánlọ́ọ̀dù ní Ṣómólú lo ń pe ẹlòmíì lẹ́rú.


ÀlùfáàÒkèMálé kọ:

Sàláámù àlékúmù, gbogbo ilé.

@Ògbójú_Ṣómólú, àbúrò, fara balẹ̀. Àfọ̀njá jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, òun àti Aláàfin ló jà kó tó ké sí Ṣéù Álímì, Álímì kú, ọmọ ẹ̀ Abdulsalami di ẹmíà àkọ́kọ́, Àfọ̀njá bógun lọ, ó ti lé ní igba ọdún. Ilé ẹ̀ ṣì wà, wọ́n ṣì ń jẹ Magají níbẹ̀. Tó o bá fẹ́ kà á, ìwé wà. Àmọ́ jẹ́ kí n bi ẹ́, ta ló dá Máríkásì, ilé-kéwú ńlá yẹn, sílẹ̀ ní Agége yín? Ṣéèkì Adam Abdullahi al-Ilory ni, Abẹ́òkúta ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1952 kó tó kó o wá sí Agége ní 1955. Ìdajì àwọn àlùfáà tó ń ṣe wáàsí fún yín l'Ékòó, ọwọ́ rẹ̀ tàbí ọwọ́ ọmọ ilé-kéwú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Àbí ẹrú ló kọ́ yín?

Ká padà sí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ohun tí Alárìnká rí, àwa náà ń rí i nílé-kéwú. Tẹ́lẹ̀, ọmọ àdúgbò ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Ní báyìí, òbí á wá látìta, á ní àlùfáà, ilé-ìwé tó wà lábúlé wa wọ́n ti tì í, ẹ gba ọmọ yìí kó máa rí ibi jókòó sí. Ó lè jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì gan-an, wallahi, obìnrin kan ní kó ṣáà wà láàárín èèyàn ni òun ń wá, kó máa kọ́ áàbíìsíì, ẹ má fipá mú un kírun. Mo gbà á. Ó ti mọ Fátíhà sórí báyìí o, èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ, àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ ẹ̀ ni. 😄


Ọmọ_Èkìtì_Kwara kọ:

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ níbí, kíkà ni mo máa ń kà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Gbogbo ayé ló rí fídíò Èrùkù, ìlú kan ní Èkìtì ti Kwara. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 2025, àwọn èèyàn wà nínú ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì CAC, kámẹ́rà ń ká a lọ lọ́wọ́, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó èèyàn 38 lọ sínú igbó. Wọ́n padà dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a dúpẹ́, gbogbo ayé yọ̀, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kó kámẹ́rà wọn, wọ́n lọ. Ohun tó tẹ̀ lé e ni wọn ò ká.

Ìlú tèmi ò jìnnà síbẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ẹ mọ ohun tó ń gbé ìlú kékeré ró ní òkè wa? Òkú àgbà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa tá a wà ní Ìlọrin, Àbújá, Kàdúná, Èkó, oko kọ́ ló ń mú wa wálé, òkú ni. Fráìdé ni èèyàn á ti dé, wéèkì ní alẹ́, Sátidé ìsìnkú, Sọ́ńdè ìdúpẹ́. Oníkánópì rí owó, alásè rí owó, ẹni tó ní géńẹ́rétọ̀ rí owó, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ láàárọ̀ tà á tán, àwọn ọmọ tó ń pọn omi pàápàá rówó, ẹni tó ń kọ́lé sílùú á tún yọjú sí sáìtì ẹ̀ á fún bíríkìlà lówó. Ní báyìí ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú, àgbà tó lọ́mọ tó lọ́mọ-ọmọ, àwọn ọmọ ẹ̀ ṣe ìpàdé lórí WhatsApp, wọ́n ní ká gbé òkú dé ìlú ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ká sin ín, ká ti padà sí Ìlọrin kó tó di aago méjì, họ́ọ̀lù la ti máa ṣe ìnáwó. Bá a ṣe ṣe é nìyẹn. Gbogbo owó tó yẹ kó kù nílùú, lánlọ́ọ̀dù họ́ọ̀lù kan ní Ìlọrin ló gbà á. Àwọn àgbà ìlú tó yẹ kí wọ́n jẹ ẹran òkú yẹn dúró lójú títì ń wò wá bá a ṣe ń tú èéfín mọ́tò sí wọn lójú tá a ń lọ. Ojú tì mí jù bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí lọ.

Nítorí náà ẹni tó ń bi pé ta ló kù, àwọn arúgbó ló kù, àti àwọn ọdẹ. Àwọn ọdẹ yẹn, ìbọn ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ń kojú ìbọn AK, owó tí wọ́n ń fún wọn ò tó fi ra ọta. Ìgbà tá a bá ń dá owó jọ nínú ẹgbẹ́ ìlú fún wọn, àwọn tó wà lókè òkun ló ń yára san ju ẹni tó wà ní Àbújá tó ń jẹ́ ọnọrébù lọ.


Akẹ́kọ̀ọ́_Táńkẹ̀ kọ:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọmọ Èkìtì. Ọlọ́run á dá ààbò bo ilé.

Bùrọ̀dá Alárìnká, ẹ wà ní Táńkẹ̀ ẹ ò wá sọ̀rọ̀ wa, ẹ jókòó sábẹ́ fláíófà ní aago mẹ́fà àárọ̀ kẹ́ ẹ rí wa. Yunifásítì Ìlọrin ti wà láti 1975, títí di báyìí tí a bá fẹ́ wọ kámpọ́ọ̀sì a ṣì ń lé bọ́ọ̀sì. Kó tó di ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ẹni tí ò ní púpọ̀ ṣì lè lọ kó bọ̀ lójúmọ́, ní báyìí àwa kan ti ń yan ọjọ́ tá a máa lọ kíláàsì, ọjọ́ tí lẹ́kíṣọ̀ méjì bá wà la máa ń lọ. Rẹ́ǹtì sì tún ń gòkè torí àwọn tó ń wọ̀lú yìí náà ń wá yàrá, mi ò dá wọn lẹ́bi o, lánlọ́ọ̀dù ni mo ń bá wí, ó ní tí mi ò bá fẹ́, ẹbí kan láti Ìsìn ti ṣetán láti san ọdún méjì.


Ìyèrúọ̀kín kọ:

Ẹ ti sọ̀rọ̀ Igbómìnà, ẹ ti sọ̀rọ̀ Èkìtì, ẹ wá fo Ọ̀fà kọjá. Ìbọ̀lọ́ ni wá o, ẹ má kó wa pọ̀ mọ́ wọn.

Èmi ń rẹ́rìn-ín sí ỌmọAjíkòbí tó ń sọ̀rọ̀ ẹṣin. Ẹṣin yẹn náà la mọ̀, ìgbà tí Ìlọrin dó tì wá, ọdún bíi mélòó kan kí wọ́n tó wọ̀lú ní 1890, ilé wo ló kù? Àwọn baba wa padà, wọ́n tún un kọ́. Rélùwéè dé ọ̀dọ̀ wa kó tó di 1910, ìdí nìyẹn tí ọmọ Ọ̀fà fi wà ní gbogbo ibi tí rélùwéè dé, láti Mínà títí dé Kánò. Lónìí ọjà Ọ̀fà ń gbèrú, àwa náà ń gba àwọn tó ń sá bọ̀ láti òkè, àmọ́ ẹ má tún jẹ́ ká sọ pé Ọ̀fà dáa o. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ja báńkì lólè lóṣù kẹrin 2018 mọ̀ pé kì í ṣe igbó nìkan lewu wà.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, a ò ní kú.


ỌmọAjíkòbí kọ:

😂😂 Ọmọ Ọlọ́fà, ẹ ò gbàgbé 1890 síbẹ̀? Ìyàwó mi Ọ̀fà ló ti wá o, òun náà máa ń rán mi létí.


Dẹ́rẹ́bà_ỌfàGaréèjì kọ:

Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ sọ tiẹ̀ náà. Ọ̀fà Garéèjì ni mo ti ń kó, Àjàṣẹ́-Ìpo, Òrò, Òmù-Àrán, tẹ́lẹ̀ mo máa ń já sí Ẹ̀gbẹ̀.

Ẹ máa ń sọ pé owó ọkọ̀ wa ti pọ̀ jù. Epo ò tó igba náírà lítà kan nígbà kan, ní ìparí oṣù karùn-ún 2023 ó fò kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kò sì padà sílẹ̀ mọ́. Àmọ́ epo nìkan kọ́. Awakọ̀ tó bá gbé èrò lọ, ohun tó máa gbé bọ̀ ló ń rò. Nígbà tí òkè ṣì dáa, mo lè kó èrò dé Òmù-Àrán ní aago mẹ́ta, mo mọ̀ pé mo máa rí èrò padà títí di alẹ́, àwọn tíṣà, àwọn tó lọ ná ọjà, àwọn ọmọ Yunifásítì Landmark ní wíkẹ́ńdì. Ní báyìí tí aago mẹ́ta bá ti lù, èrò ò sí lójú ọ̀nà, ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹ̀rù ń bà mí. Òfìfo ni mò ń bọ̀. Ẹni tó ń lọ láàárọ̀ ló máa san owó òfìfo yẹn, ibo ni kí n ti rí i? Ẹni tó bá ní mo burú, kó wá wa ọkọ̀ yẹn.

Títì náà ńkọ́, ibi tí kòtò bá wà tí èèyàn ní láti tẹ búréèkì, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà dáadáa, ẹ ń rò pé torí mọ́tò wa ni. Ọ̀nà tó dán, o lè sáré jáde nínú ewu. Fláíófà ò ṣe mí ní nǹkan kan, mo ń gba orí ẹ̀, ó dáa. Kí wọ́n kan bá mi dí kòtò tó wà lókè lọ́hùn-ún.


BàbáDadakúàdà kọ:

Ẹ̀yin ọmọ yìí ẹ kú ọ̀rọ̀. Alárìnká, o yin wàrà o yin ìkòkò o ò yin orin. Ṣé o dé Ìlọrin o ò gbọ́ dadakúàdà? Odòlayé Àrẹ̀mú kú ní 1997, ẹni tó bá gbọ́ ọ rí lójúkojú mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu ń jẹ́, ó lè yìn ọ́ kó bú ọ nínú mí kan ṣoṣo ìwọ náà á tún fowó lé e lórí.

Ohun tí Ọmọ Èkìtì sọ nípa họ́ọ̀lù yẹn, èmi rí i láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn òkú tó ń sọ̀kalẹ̀ wá sí họ́ọ̀lù Ìlọrin yìí, iṣẹ́ ló jẹ́ fáwọn alásà wa, wọ́n ń pè wọ́n síbẹ̀, wọ́n á kì í lóríkì Igbómìnà tí wọn ò mọ̀ dáadáa, ìdílé òkú á máa wo ara wọn. Ọ̀kan pe ọmọ Òrò ní ọmọ Ọ̀fà níṣojú mi, ìyá arúgbó kan dìde ó gba makirofóònù lọ́wọ́ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ki ọkọ ẹ̀. Orin Igbómìnà wà ńlẹ̀ tiwọn, Eégún Ẹlẹ́wẹ̀ wà ńlẹ̀ tiwọn, ìyẹn ò lè bá wọn wọ họ́ọ̀lù ní Ìlọrin, ẹ ò gbọ́ ohun tí ỌmọAjíkòbí kì, ẹṣin leégún wa. Àgbà tó yẹ kí Ẹlẹ́wẹ̀ jó fún, dííjéè ló ń yí àwo fún un.


ÌyáÌpátà kọ:

Ẹ̀rín pa mí, ìyá yẹn ṣeun. Kí wọ́n máa fún àwọn àgbà ní makirofóònù.


Alárìnká kọ:

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ẹ ti kọ́ mi ju bí mo ṣe kọ́ ara mi nínú mọ́tò lọ.

@ỌmọAjíkòbí, mi ò ní kẹ́ ẹ wó fláíófà. Ohun tí mo ń sọ ni pé a ń fi fláíófà díwọ̀n bí ìpínlẹ̀ ṣe ń ṣe sí, a ò fi bọ́ọ̀sì aago mẹ́ta ìrọ̀lẹ́ láti Òmù-Àrán dìwọ̀n ọ́n. Dẹ́rẹ́bà ti bá mi wí i. Tí ọkọ̀ bá lè kún padà ní ìrọ̀lẹ́, iṣu ìyá wa á wálẹ̀, owó òkú á kù nílùú, ọmọ Táńkẹ̀ yìí ò ní bá ẹbí láti Ìsìn du yàrá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo yín ń sọ.

@Ògbójú_Ṣómólú, mo rí i pé o ti dákẹ́. Àwọn tó ń pariwo jù lórí Àfọ̀njá àti Álímì, mi ò rí wọn kí wọ́n pariwo lórí Èrùkù ju ọjọ́ méjì lọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti kú lọ́jọ́ tó ti pẹ́ ò náni lówó, a lè fi ṣeré lójoojúmọ́. Ti ọdẹ tó wà nínú igbó lónìí, wọ́n lè ní kó o dá owó ọta.

@Ọmọ_Èkìtì_Kwara, mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ òkú àgbà yẹn dáadáa, kó gùn, tẹ́ ẹ bá gbà á. Mi ò ní dárúkọ ìlú. Mo fẹ́ mọ iye tí oníkánópì, alásè àti olómi ń rí lópin ọ̀sẹ̀ kan nígbà tó dáa, kí n lè fi hàn pé owó ńlá ni kì í ṣe àríyá lásán.

@BàbáDadakúàdà, ẹ sọ ibi tí mo ti lè gbọ́ ọ, mo ń bọ̀.

Mo tún ń gbèrò láti lọ wo omi Òwu tó ń já látòkè ní Ọ̀wà-Kájọlà kí n tó kúrò ní Kwara. Ṣé ọ̀nà ṣeé gbà?


Dẹ́rẹ́bà_ỌfàGaréèjì kọ:

Òwu kẹ̀? Bùrọ̀dá, mi ò ní gbé yín lọ. Owó yòówù kẹ́ ẹ mú wá. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó fẹ́ gbé yín lọ lọ́wọ́ kan náà láìbéèrè nǹkan kan, òun gan-an ni kẹ́ ẹ sá fún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ Òrò, ẹ wá sí garéèjì kí aago méje tó lù, ẹ béèrè mi lọ́wọ́ àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, a máa padà kó tó di aago kan.


Ọmọ_Èkìtì_Kwara kọ:

Mo gbà pé kẹ́ ẹ kọ ọ́. Mo máa fi nọ́ńbà oníkánópì ránṣẹ́ sí inbọ́ọ̀sì yín. Ó ti kó kánópì ẹ̀ wá sí Gáà-Àkàǹbí báyìí, ẹ ò ní rìn jìnnà.


ÌyáÌpátà kọ:

Tó o bá ń lọ Òrò lọ́la, bá mi wo iye tí wọ́n ń ta iṣu mẹ́ta ńláńlá lọ́jà ibẹ̀, ya fọ́tò ẹ̀ kó o fi síbí. Kó o ná an dáadáa o, wọ́n á gbọ́ Ìjẹ̀bú lẹ́nu ẹ, wọ́n á lé owó lé e.